Wákàtí kan lọ́dọ̀ lọ́yà ogún ní London: ohun tí £360 rà fún wa

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tó bá jẹ́ wákàtí àkọ́kọ́ nìkan ni, márààrún ni ǹ bá fún wọn tọwọ́ tẹsẹ̀. Oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ló gba ìràwọ̀ méjì lọ́wọ́ wọn. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, torí ọ̀rọ̀ ogún ẹbí ló gbé wa débẹ̀, Yorùbá London kò sì pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ ṣáà mọ̀ pé gúúsù London ni, lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà kan, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógójì, kò sí lífítì. Orúnkún mi ló kà á.

Irun ni mò ń dì ní Peckham, ó ti lé lọ́dún méjìdínlógún. Bàbá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Camberwell, kú ní 2017. Ọkọ mi ti ṣáájú wọn lọ ní ọdún méjì, ìyẹn ló jẹ́ kí Bàbá tún wíìlì wọn kọ, tí wọ́n sì kó àwọn ọmọ-ọmọ sí i. Ilé Camberwell, kí Màmá máa gbé inú rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Fúláàtì kan ní Croydon, kí owó ilé rẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ Màmá. Lẹ́yìn Màmá, kí gbogbo rẹ̀ di ti àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́ta, bí wọ́n bá pé ọmọ ọdún 25. Èyí tí kò bá pé e, kí ìpín rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Bí ọ̀kankan nínú wọn kò bá pé e, ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá ló ni ín. Ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká pè é ní Tóbi, wà lára àwọn mẹ́ta náà. Ọmọ ogún ọdún ni ní 2024 tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Àwọn méjì ni Bàbá fi ogún náà sí lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ọ̀kan. Ìkejì jẹ́ àgbà ìjọ kan tó kó padà sí Abẹ́òkúta ní 2019, tí fóònù rẹ̀ kì í wọlé mọ́. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: Ẹ̀gbọ́n nìkan ló kù nídìí àwo.

Níbi ìkómọ kan la ti gbọ́ pé wọ́n ti ta fúláàtì Croydon láti 2021. Ẹni tó sọ ọ́ rò pé a ti mọ̀ ni, ẹran wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń yin Ẹ̀gbọ́n pé ó rí owó gidi gbà. Mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n nílé wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe, mo sì béèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹyin ṣì wà lábẹ́ adìyẹ, ẹ ti ń pín itan. Èmi ni dáwódù ilé yìí. Ọjọ́ tí Tóbi bá pé 25, kó wá bi mí."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ sí Tóbi lórí WhatsApp. Ojú ewé kan péré: pé òun ti gbọ́ nípa títa fúláàtì náà àti bí wọ́n ṣe lo owó rẹ̀, pé òun fara mọ́ gbogbo rẹ̀, pé òun kò ní béèrè mọ́. Ààyè ìfọwọ́sí wà nísàlẹ̀. "Mọ́mì, ṣé kí n sáìnì?" Mo ní kó dúró ná.

Ibì kan tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Bàbá òyìnbó kan tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló gbọ́ ẹjọ́ wa, ó pọn tíì fún mi pàápàá. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohun tí kò tíì di tẹni, èèyàn kì í pẹjọ́ lé e lórí; ká padà wá lẹ́yìn ọdún 2029. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n náà ni, òyìnbó ló fi sọ ọ́. Nígbà tó di alẹ́, àbúrò mi tó wà ní California pè, ó ní ọjọ́ 120 péré ni èèyàn ní láti pẹjọ́ lórí trust, ìyẹn ohun ìní tí wọ́n fi sí ẹlòmíì lọ́wọ́ fún ajogún, lẹ́yìn ikú ẹni tó dá a sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ tiwa ti kú láti 2017. Ẹnì kan ní ó ti yá jù, ẹnì kan ní ó ti pẹ́ jù. Mi ò sùn.

Bí mo ṣe rí ọ́fíìsì yìí nìyẹn. £300 ni wọ́n ń gbà fún wákàtí kan, owó orí ọjà (VAT) sọ ọ́ di £360, owó irun mélòó nìyẹn, ẹ ṣírò ọ. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ fi ẹ̀dà wíìlì ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ti kọ̀ láti fún wa ní ẹ̀dà kankan. Ọmọbìnrin tó wà nídìí fóònù wọn ló là mí lójú pé ní England, gbàrà tí wíìlì bá ti gba ọwọ́ kóòtù kọjá tán, ẹnikẹ́ni ló lè ra ẹ̀dà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. £1.50 la san nígbà náà. Ọdún méje la fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò tó owó búrẹ́dì. Fún ìmọ̀ràn yẹn nìkan, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, mo ti fẹ́ràn wọn kí n tó gun àtẹ̀gùn.

Lọ́yà wa jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò tíì lè pé ogójì ọdún. Orúkọ àbísọ mi ló fi kí mi bí ẹni pé a jọ ta ayò ní kékeré, mo fojú fò ó. Èyí tó dùn mí ni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n bọ́ síta. Èmi tí mo san owó! Ó ṣàlàyé pé Tóbi ti kọjá ọmọ ọdún 18, òun ni oníbàárà, òun ló ni ẹjọ́, òun gbọ́dọ̀ gbọ́ látẹnu rẹ̀ láìsí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ẹ. Ká ní ọmọ ọdún 15 ni, bí àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́ta náà, àgbàlagbà kan ni ìbá dúró fún un ní kóòtù. Mo jókòó síta, mo ń wo àwòrán ọkọ̀ ojú omi lára ògiri, inú ń bí mi. Nígbà tó yá mo rò ó pé ká ní ẹnì kan ti bá Ẹ̀gbọ́n lò báyìí ni, ká ti yà wọ́n sọ́tọ̀, ká bi wọ́n léèrè ẹni tó ni nǹkan, bóyá a kì bá tí gun àtẹ̀gùn kankan.

Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti fa ìlà méjì sórí bébà aláwọ̀ ìyeyè kan. Ìlà òkè ni ẹ̀mí Màmá. Ìlà ìsàlẹ̀ ni ọjọ́ orí Tóbi títí dé 25. Ó ní irú ajogún bíi Tóbi, contingent ni wọ́n ń pè é. Nínú ilé wa, "ọmọ tó-bá" la ń pè é láti ọjọ́ yẹn: tó bá pé 25, tó bá ṣojú ẹ̀mí rẹ̀.

Ó wá bi wá ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi wá: kí lẹ fẹ́ gan-an? Ṣé owó ni, ṣé ìṣirò owó ni, àbí kí ohunkóhun má ṣe é? Torí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tirẹ̀ ní kóòtù.

Tó bá jẹ́ owó, rárá. Tóbi ti ka nǹkan kan lórí fóònù rẹ̀ nípa ẹjọ́ Saunders àti Vautier, pé ẹni tó bá ti dàgbà lè ní kí wọ́n tú trust ká kí wọ́n kó nǹkan òun fún òun. Ojú rẹ̀ ń dán. Lọ́yà ní òótọ́ ni, 1841 ni ẹjọ́ yẹn. Wọ́n fi ìpín owó nínú iléeṣẹ́ East India sílẹ̀ fún ọmọkùnrin kan, wọ́n ní kó dúró di ọmọ ọdún 25, ó pé 21 ó ní òun fẹ́ ẹ, wọ́n sì gbé e fún un. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti di tirẹ̀ ná. Ìdúró nìkan ni wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn, kò sí ẹlòmíì tí nǹkan náà máa bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ti Tóbi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe Tóbi ní ọmọ ọdún 24, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí i, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló máa gba ìpín náà, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lẹ́yìn wọn tó na ọwọ́. Màmá náà wà láàyè. Àfi tí gbogbo wọn bá jọ fọwọ́ sí i, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò sì tíì tó ẹni tó ń fọwọ́ síwèé. Ojú Tóbi kò dán mọ́.

Tó bá jẹ́ ìṣirò owó, ó lè béèrè lónìí. Ìtàn tó sọ fún wa níbí ni mo gbádùn jù. Ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan tó wà nípò ńlá ní Lukoil, iléeṣẹ́ epo wọn, kú lójijì ní 1997. Ó ti kó owó pamọ́ sínú trust ní Isle of Man. Ọmọ rẹ̀, Schmidt, ní kí wọ́n fi ìwé han òun. Àwọn tó ń bójú tó owó náà ní kí ló kàn án, kò ní ohun kan pàtó níbẹ̀, ìrètí lásán ni. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Privy Council, kóòtù kan ní London tí ẹjọ́ àwọn ìlú kan lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń parí sí, ní 2003. Àwọn adájọ́ ní kì í ṣe torí pé ìwé náà jẹ́ tìrẹ lo fi lè rí i. Iṣẹ́ kóòtù ni láti máa ṣọ́ àwọn tí wọ́n fi nǹkan sí lọ́wọ́, torí náà ẹni tó ní ìrètí lásán pàápàá lè wá sọ́dọ̀ adájọ́, kí adájọ́ wò ó bóyá ó yẹ kí wọ́n fi hàn án, àti èwo nínú rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ìwé lo máa rí. Ìdí tí wọ́n fi fún lágbájá tí wọn kò fún tàmẹ̀dò, wọ́n lè fi ìyẹn sínú. Ṣùgbọ́n iye tó wọlé àti iye tó jáde, ìyẹn ni ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dúró lé.

Mo wá ní Privy Council yẹn kì í ṣe àjòjì sí wa, pé àwọn náà ló dá ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé ní 1962, ti bàbá kan ní Èkó tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, bóyá ká pín nǹkan rẹ̀ sọ́nà mẹ́rin ní ìdí-igi, àbí sọ́nà mẹ́sàn-án ní orí-òjorí. Ìdí-igi ló borí. Lọ́yà kò gbọ́ ọ rí. Ojú rẹ̀ là, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó bi mí ní kí ni dáwódù. Mo ṣàlàyé pé àgbà ọmọ tó ń di ilé bàbá mú ni, kì í ṣe ẹni tó ń jẹ ilé náà. Ìṣẹ́jú méje lọ sórí ìyẹn. Ìgbà tí mo délé ni mo rántí pé èmi ni mo ń sanwó àkókò náà, èmi náà ni mo tún ń kọ́ ọ níṣẹ́.

Èyí tó kù ni ìdáàbòbò, òun sì ni ọ̀rọ̀ tó tó £360. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Bí ẹni tí wọ́n fi ogún sí lọ́wọ́ bá ń tà á lọ́pọ̀, tó ń yá ara rẹ̀ lówó níbẹ̀, tàbí tó fẹ́ tà á fún ara rẹ̀, ọmọ tó-bá kò nílò láti dúró di ọjọ́ tó bá. Ó lè wá sí kóòtù lónìí. Ó lè ní kí wọ́n dá ọwọ́ onítọ̀hún dúró. Ó lè ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò; ẹjọ́ kan tó ti Cape Town wá ní 1884 ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé lórí ìyẹn, ire àwọn ajogún ni adájọ́ máa wò, kì í ṣe pé inú ń bí yín síra yín. Ó lè ní kí wọ́n dá owó padà. Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tó kù o: inú ogún lowó náà ń padà sí, kò ní kan àpò Tóbi. Tóbi máa ná owó, ó máa jí ní òwúrọ̀, ó máa dúró lórí ìlà ní Rolls Building ní Fetter Lane (iye owó ilé Camberwell ló sọ ọ́ di ẹjọ́ Chancery, ẹ̀ka High Court tó ń gbọ́ ẹjọ́ ogún, torí kóòtù county kì í sábà gbọ́ irú rẹ̀ tó bá ti ju £350,000 lọ), kí owó lè padà síbi tó jẹ́ pé òun lè má jẹ nínú rẹ̀ láéláé.

Mo ní ta ni yóò wá ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀? Ó ní òfin fúnra rẹ̀ ti bi ìbéèrè yẹn. Fún àṣìṣe lásán, ọdún mẹ́fà ni òfin 1980 fún ajogún láti pẹjọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí nǹkan kò tíì kàn, ọdún mẹ́fà náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Ọjọ́ tí ìpín rẹ̀ bá kàn án gan-an ló máa bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ kan, Millett, ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú ẹjọ́ Armitage àti Nurse ní 1997: kò tọ́ kí a fipá mú èèyàn láti fi owó ara rẹ̀ jà lórí ohun tó ṣeé ṣe kó má wà láyé jẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó lè lọ sí kóòtù lónìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ lọ́la pé kí ló dé tí kò lọ. Bàbá onímọ̀ràn ọ̀fẹ́ yẹn mú ìlàjì òótọ́ yìí, àbúrò mi mú ìlàjì òótọ́ ìlú mìíràn, àwa wà láàárín tí à ń gbọ̀n.

Nípa ti California, ó fọgbọ́n yọ ìbẹ̀rù yẹn kúrò lára mi. Ọjọ́ 120 wọn wà fún ẹni tó fẹ́ sọ pé trust náà fúnra rẹ̀ kò dára, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi ìwé tó o létí. Kì í ṣe fún ẹni tó ń béèrè ohun tí wọ́n fi owó ṣe. Lọ́hùn-ún náà, ó ní bí ẹni tó dá trust sílẹ̀ bá ṣì wà láàyè tó sì lè yí i padà, òun nìkan ni wọ́n ń jíhìn fún. Lẹ́yìn tó bá kú, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ wọn sọ ní 2012, nínú ẹjọ́ Giraldin, pé àwọn ọmọ lè wá béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá wọn nígbà ayé rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́. Ẹ má ṣáà gbé òfin ibẹ̀ wá jà ní Camberwell.

Aago méjì ló wà, ó ní kí n fi sọ́kàn. Ti Tóbi kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ti Màmá ń lọ, torí òun ni nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí: bó bá jẹ́ àṣìṣe lásán ni títa 2021 yẹn, ẹnu Màmá á pa dé lórí rẹ̀ ní 2027. Bó bá wá jẹ́ èrú, tàbí owó ogún gan-an ló wọ àpò ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kò sí iye ọdún kankan tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí aago Tóbi dúró kò ní kí owó dúró. Òfin lè dúró dè ọ́ títí 2029, kí o débẹ̀ kó jẹ́ ìkòkò òfìfo lo máa bá.

Ìwé orí WhatsApp yẹn wá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní àgbàlagbà tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ délẹ̀délẹ̀, tó sì fọwọ́ sí i pé ó dára bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ ara rẹ̀. "Má fọwọ́ sí i." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Wákàtí náà parí síbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi lé, wọn kò gbowó lé e.

Ká ní ibẹ̀ la dúró sí ni, ìràwọ̀ márùn-ún. Àmọ́ a ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n. £540 pẹ̀lú owó orí. Lẹ́tà náà dára, kò bú ẹnikẹ́ni, ó ní kí wọ́n fi ìṣirò owó láti 2017 ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 28. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbàgbé: Màmá.

Ọjọ́ kejì tí lẹ́tà náà dé ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n, aago mẹ́fà ìdájí, fóònù mi dún. Màmá ni. Ẹni ọdún 84. "Ìyàwó mi, kí ni mo ṣe fún ọ? Wọ́n ní o fẹ́ ta ilé mọ́ mi lórí." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹ̀gbọ́n ti sáré débẹ̀ ṣáájú mi pẹ̀lú ìtumọ̀ tirẹ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, Yorùbá ti sọ ọ́, àwa kò tíì dé kóòtù, ìyá ọkọ mi ti ń ka mí mọ́ ọ̀tá. Mo kọ̀wé sí lọ́yà, ó dáhùn pé ó yẹ kí Màmá gba lẹ́tà tirẹ̀, pé ẹ̀tọ́ wọn láti gbé inú ilé náà kò ní yẹ̀ títí ayé wọn, pé ààbò tí Tóbi ń béèrè yóò bo àwọn náà. Ó kọ ọ́, ojú ewé kan, ó dára. Ó gba owó rẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ogún lójoojúmọ́, ṣé kò mọ̀ pé ẹni tó wà nínú ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́? Òun kò jẹ wá ní àlàyé àṣà Yorùbá, n kò retí ìyẹn. Ṣùgbọ́n opó kì í ṣe ohun tí Yorùbá nìkan ní.

Ẹ̀sùn mi kejì nípa ìnáwó ni. Láti ìgbà lẹ́tà lọ, wọn kò gba iye kan pàtó mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń kà, £26 ẹyọ kan, kí owó orí tó gun orí rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ nínú ìwé tí wọ́n fún wa, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ohun tí wọn kò sọ ni pé bí wọ́n bá pè mí láti bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìlú Màmá, ìṣẹ́jú méjì péré, ẹyọ kan nìyẹn. Wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì fún un! Ímeèlì mi pẹ̀lú, tí mò ń kọ gígùn bí ẹni ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹyọ mẹ́ta ni wọ́n fi ka ọ̀kan. Ní báyìí ìlà márùn-ún ni mò ń kọ.

Ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n tó là á yé wa pé bí ẹjọ́ bá dé kóòtù gan-an, ẹni tó bá pòfo ló sábà máa ń san owó lọ́yà ẹnì kejì, àti pé bí adájọ́ bá rí i pé Ẹ̀gbọ́n kò ṣe àìda, inú ogún náà ni Ẹ̀gbọ́n á ti yọ owó lọ́yà tiwọn. Ẹ rò ó wò. Ìkòkò tí Tóbi ń jà fún ni wọ́n á fi dáná ìjà náà. Ọ̀rọ̀ wákàtí àkọ́kọ́ lèyí, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ keje. Tóbi sì dákẹ́ nígbà tó gbọ́ ọ, ó ní, "Mọ́mì, ó yẹ kí ó ti wà lórí bébà aláwọ̀ ìyeyè yẹn." Ọmọ náà gbọ́n.

Àwa kò dé kóòtù. Ẹ̀gbọ́n gba lọ́yà tiwọn, mo sì rò pé lọ́yà yẹn bá wọn sọ òótọ́, torí ohùn wọn rọ̀. Ìṣirò dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ojú ewé mẹ́ta. Owó fúláàtì náà wà ní báńkì, yàtọ̀ sí £18,000 tí wọ́n kọ "ẹ̀yáwó" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ló yá a? Àwọn fúnra wọn, fún kọ̀ńtẹ́nà tó lọ sí Àpápá. Mi ò ní sọ̀rọ̀ jù. Wọ́n dá £18,000 náà padà sínú ogún, wọ́n sì gbà kí ẹnì kan tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ wọlé sípò àgbà ìjọ tó wà ní Abẹ́òkúta. Lọ́yà wa ló kọ ìwé ìyẹn, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Òun náà ló sọ pé àwọn méjèèjì tí ogún wà lọ́wọ́ wọn lè fún Tóbi nínú ìpín rẹ̀ ṣáájú àkókò fún owó ilé-ẹ̀kọ́, bí wọ́n bá rí i pé ó yẹ, bí Màmá bá sì fọwọ́ sí i lórí ìwé, torí òun ló ń jẹ lórí rẹ̀ lọ́wọ́. A kò tíì béèrè. Ó ṣì tètè jù láti gbé ìwé lọ bá Màmá.

Ta ni mo lè ní kó lọ síbẹ̀? Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "kò tíì kàn ọ́," kó lọ ra wákàtí kan péré. Kó mú wíìlì dání, kó kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, kó má kọ́ lọ́yà ní ìtàn Èkó. Kó béèrè ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́: ta ló máa sanwó bí a bá pòfo, ta ló yẹ kó gbọ́ ọ ṣáájú lẹ́tà? Lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ sílé lọ ronú kó tó ní kí wọ́n kọ ohunkóhun. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, kó ní kí wọ́n ṣe é lórí fídíò. Wọ́n ń ṣe é, iye kan náà ni, àwa ni a kò béèrè.

Bíìlì ìkẹyìn wá jẹ́ ẹyọ 31, £967.20 pẹ̀lú owó orí. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ £1,867.20. Mo kọ̀wé sí wọn, ìlà márùn-ún, lórí ìpè méjì tí wọ́n fi béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìlú Màmá. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n yọ £62.40 kúrò. Wọ́n ṣì kọ orúkọ ìlú náà ní àkọtì nínú lẹ́tà àforíjì yẹn.